Ibi Tí Àṣẹ Bàbá Rẹ Mọ

Ilé wa, Ìkirè,
Ọjọ́ Àlàmísì.

Humairah ọmọ mi,

Àsàlámù àlékùm. Ṣé àlàáfíà lo wà ní Èkó, ṣé ọkọ rẹ ń gbádùn, ṣé Kamilah ti ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn àbí ẹ̀yìn rẹ ló ṣì fi ṣe ilé? Ara gbogbo wa le níbí, àfi ojú tó ń tì mí, ìyẹn náà kì í sì í pa èèyàn. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ, ó ní kí n rí i pé òótọ́ ni mo kọ, nítorí òun máa kà á kí n tó lẹ ìwé yìí pa. Ọlọ́run tó ń bá ọ ṣọ́lé ní ìlú tí ẹnìkan ò mọ ẹnìkan, kò ní sùn, kò ní tòògbé. Ọ̀nà tí o bá gbà jáde láàárọ̀, ibẹ̀ náà ni wàá gbà wọlé nírọ̀lẹ́ pẹ̀lú ẹ̀rín. Kò ní rẹ̀ ọ́, kò ní sú ọ, ọ̀gá rẹ ò sì ní rí ẹ̀sùn kà sí ọ lẹ́sẹ̀. Àmín.

Mo mọ̀ pé wàá sọ pé kí ló dé tí Bàbá fi ń kọ ìwé nígbà tí fóònù wà. Mo gbìyànjú fóònù náà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pè ọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta ni mo kí ọ, tí mo bèèrè ọmọ, tí mo ní kò sí nǹkan kan, tí mo sì pa á. Nǹkan wà. Ìwé ló sàn fún irú ọ̀rọ̀ yìí, ìwé kì í wo èèyàn lójú, kì í sì í bú sẹ́rìn-ín kí èèyàn tó sọ̀rọ̀ tán. Àbídì aládùúgbò wa tún sọ fún mi pé wọ́n ti fi mí sínú Tíkítọ́ọ̀kì, níbi tí mo ti ń fọn fèrè láàárín títì tí fìlà mi ti yí sẹ́yìn. Bí o bá ti rí i, èmi ni. Bí o ò bá tíì rí i, jọ̀ọ́, pa fóònù rẹ fún ọjọ́ mẹ́ta, kí ọkọ rẹ náà pa tirẹ̀, bóyá á ti tutù kúrò níbẹ̀. Bí ọ́fíìsì àwọn Tíkítọ́ọ̀kì yìí bá sún mọ́ ibi iṣẹ́ rẹ, yà síbẹ̀, kí wọn dáadáa, sọ fún wọn pé bàbá arúgbó ni, iṣẹ́ èṣù kọ́, àìgbọ́n ni.

Ìròyìn ilé ò pọ̀. Òjò ti bẹ̀rẹ̀. Ewúrẹ́ ìyá rẹ bí mẹ́ta. Wọ́n ti gbé iná tuntun sí ẹnu ọ̀nà mọ́sálásí, iná tí wọ́n ní oòrùn ló ń gbé e tàn, mi ò mọ bí oòrùn ṣe ń dúró dè é di alẹ́, ṣùgbọ́n ó ń tàn. Ó tó. Jẹ́ kí n bọ́ sórí ohun tí mò ń sá fún.

Ìwọ náà mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí àwọn kan ti ń gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wa ní oko ọ̀nà Wásinmi. Èèyàn á gbìn ín, á ro ó, á máa wò ó bó ṣe ń yọ ọmọ, ọjọ́ tó bá ní òun ń lọ gé e, kùkùté ló máa bá. Ni Ẹgbẹ́ Ọlọ́gẹ̀dẹ̀ wa bá pe ìpàdé, wọ́n ní ká yan ẹ̀ṣọ́ oko mẹ́fà láàárín ara wa. Èmi ni wọ́n fi ṣe olórí. Ì bá wù mí kí o rò pé nítorí akin mi ni, ṣùgbọ́n ìyá rẹ ló jókòó tì mí yìí, nítorí náà jẹ́ kí n sọ ọ́: èmi nìkan ni mo ní bàtà òjò tó gùn dé orúnkún.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ wa ni Ọ̀gbẹ́ni Barnabas, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ ìjọ aláṣọ funfun. Òun ló ṣe káàdì fún wa, tó lẹ àwòrán wa mọ́ ọn, tó sì fi ọ̀rá bò ó. Nínú tèmi, ojú mi pa dé, ó dà bí ẹni pé wọ́n ń wẹ òkú mi, ṣùgbọ́n orúkọ mi hàn ketekete: Gàrúbà, Olórí Ẹ̀ṣọ́. Abẹ́ rẹ̀ ló kọ òyìnbó kan sí nípa àṣẹ mi. Gbogbo rẹ̀ ò yé mi, ṣùgbọ́n mo rí ọ̀rọ̀ kan tí mo mọ̀ dáadáa níbẹ̀, Límítẹ́ẹ̀dì. Ta ni ò mọ Límítẹ́ẹ̀dì? Gbogbo tírélà ńláńlá tó ń gba títì Ìbàdàn sí Ifẹ̀ yìí kọjá, Límítẹ́ẹ̀dì ló wà lára wọn. Ilé iṣẹ́ tó bá kéré kì í ní i. Mo sọ fún ìyá rẹ pé wọ́n ti sọ mí di Límítẹ́ẹ̀dì, ó ní ṣé kì í ṣe ohun tó ń dunni. Ọ̀gbẹ́ni Barnabas sì ṣàlàyé o, kí n má purọ́ mọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ó ní àṣẹ wa bẹ̀rẹ̀ láti odò kékeré, ó parí síbi tí oko ọmọ ẹgbẹ́ tó kẹ́yìn parí sí, bí a bá sì rí olè nínú oko, ọlọ́pàá ni ká pè kíá. Ẹ̀ẹ̀mejì ló sọ ọ́. Àwòrán mi ni mò ń wò.

Láti ọjọ́ yẹn ni orí mi ti kúrò lọ́rùn mi. Mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì kákí, mo gbé káàdì kọ́ ọrùn, mo ra fèrè bíi ti rẹfirí. Mo wọ bàtà òjò lọ kírun Jímọ̀, ó gba èèyàn méjì kí wọ́n tó fà á yọ lẹ́sẹ̀ mi lẹ́nu ọ̀nà mọ́sálásí, Lèmọ́mù ń dúró. Mo fọn fèrè fún ọlọ́kadà. Mo fọn ọn fún adìyẹ. Mo ń lọ bá àwọn obìnrin tó ń ta dòdò lẹ́bàá títì, mo ń bi wọ́n pé níbo ni wọ́n ti rí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wọn, wọ́n á sì na ìdì kan sí mi kí n lè máa lọ. Mo rò pé ọ̀wọ̀ ni. Ìyá rẹ ní kí n kọ ọ́ síbí pé bí wọ́n ṣe ń ju egungun sí ajá ni.

Ó wá di ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Mo dúró sí ìkóríta tó bọ́ sí títì ńlá, mi ò ní nǹkan kan tí mò ń ṣe níbẹ̀, mo kàn fẹ́ kí wọ́n máa rí mi ni. Ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan ń bọ̀, ó kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ bámúbámú, ó ń lọ sí apá Aṣejirè. Ó rọra ń bọ̀ nítorí kòtò tó wà níbẹ̀, ojú mi sì bọ́ sí ìdí odidi ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan. Ọ̀bẹ ti fa ìlà mẹ́ta síbẹ̀. Humairah, èmi ni mo fa ìlà mẹ́ta yẹn. Ọjọ́ tí a dá ẹ̀ṣọ́ sílẹ̀ ni mo ti sàmì sí gbogbo ọ̀gẹ̀dẹ̀ mi, mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ ojú rẹ. Mo wo ìkejì, ìlà mẹ́ta. Ìkẹta, ìlà mẹ́ta. Inú mi dùn.

Mo bọ́ sáàárín títì, mo fọn fèrè. Tírélà kan ń bọ̀ lẹ́yìn, òun náà fọn tirẹ̀, tirẹ̀ dún ju tèmi lọ, ibẹ̀ ni fìlà mi ti yí. Ọkọ̀ ọlọ́gẹ̀dẹ̀ náà dúró. Ọmọkùnrin kan ló wà á, kò lè ju ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lọ, oje ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti ba ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀ jẹ́. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ fún mi lórí ọ̀dà gbígbóná, ó ní Bàbá, ẹ káàárọ̀, ṣé kò sí o. Mo bi í pé ta ló ni ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ó ní òun ló ni ín, òun ń kó o lọ fún àwọn tó ń dín ìpékeré n'Ìbàdàn, òun ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á lọ́wọ́ ìyá kan nínú Ìkirè ni. Mo ní ìyá wo, kí lorúkọ rẹ̀? Ó ní òun ò mọ orúkọ, ọjọ́ kejì tí òun máa rà lọ́wọ́ rẹ̀ nìyí. Mo rẹ́rìn-ín bí agbẹjọ́rò. Mo ní gbogbo olè ló máa ń rà á lọ́wọ́ ìyá kan. Mo fi okùn so ọkọ̀ rẹ̀ mọ́ òpó iná kó má baà sá lọ, mo yíjú sí àwọn èrò, mo sì fi gbogbo ohùn tí Ọlọ́run fún mi pariwo pé olè!

Ibí ni mi ò fẹ́ dé.

O ò ní mọ ìkóríta yẹn mọ́ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jáde lẹ́nu mi. Àwọn tó ń dúró de ọkọ̀, àwọn tó ń ta bẹ́ńtiróòlù inú jálá, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀ tí wọn ò tiẹ̀ mọ orúkọ ìlú, gbogbo wọn rọ́ dé. Kò sẹ́ni tó bèèrè pé kí ló jí. Ẹnìkan gbá a létí, ẹnìkan já ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, igi dé, ni mo bá rí fọ́kánáísà tó wà lódì kejì, ó ń yí táyà jíjẹrà kan bọ̀. Ọmọ náà ò wo àwọn tó ń lù ú. Èmi ló ń wò. Ó ní Bàbá, ẹ sọ fún wọn. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún wọn. Mo ya ẹnu, kò sóhun tó jáde. Mo wá rántí fèrè. Mo fọn ọn kí wọ́n lè dúró. Wọ́n rò pé mo ní kí wọ́n máa bá a lọ ni.

Ọlọ́run ló kó àwọn Ródù Séfútì yọ. Wọ́n wà níwájú díẹ̀, wọ́n ń wo ìwé àwọn awakọ̀, ariwo ló pè wọ́n. Mẹ́ta péré ni wọ́n. Ọ̀gá wọn, Ọ̀gbẹ́ni Olúsànyà, fa ọmọ náà yọ láàárín àwọn tó ń lù ú, ó tì í sínú ọkọ̀ wọn, ó ti ilẹ̀kùn, ó wá fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn náà. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ dé ọ̀dọ̀ ọmọ yìí, ara òun ni á kọ́kọ́ gbà kọjá. Igi kan ba apá rẹ̀, kò yẹsẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn èrò ń sún sẹ́yìn. Nígbà tó rọlẹ̀, ó bèèrè pé ta ló lẹ́jọ́. Mo jáde síta, mo na káàdì sí i. Ó kà á, ó kà á lẹ́ẹ̀kejì. Ó wo títì, ó wò mí, ó ní Bàbá, oko dà níbí?

Mo ní òun náà níṣẹ́, kó bá mi mú olè. Ó ní àṣẹ tí ìjọba fún àwọn, títì ni, ọkọ̀ ni, awakọ̀ ni. Ó ní òun ti wo ìwé ọmọ yìí, ó pé, táyà rẹ̀ dára, ẹrù rẹ̀ ò pọ̀ jù, òun ò ní ẹjọ́ kankan bá a. Ẹni tó ni ọ̀gẹ̀dẹ̀, àwọn ọlọ́pàá ló lè wádìí ìyẹn. Ó wá ní ṣùgbọ́n bàbá tó bọ́ sáàárín títì ńlá tó ń fi fèrè dá tírélà dúró, ìyẹn wà nínú àṣẹ àwọn dáadáa. Bó ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni ọkọ̀ àwọn Sífù Dìfẹ́ǹsì méjì tó ń kọjá dúró. Inú mi tún dùn. Mo sáré bá wọn, mo ní ẹ káàbọ̀, olè ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni. Wọn ò wo ọ̀gẹ̀dẹ̀. Òpó iná ni wọ́n ń wò. Wọ́n ní ohun ìjọba ni iṣẹ́ àwọn, wáyà, páìpù, òpó, ta ló so ọkọ̀ mọ́ ọn? Èmi fúnra mi ni mo tú okùn náà, wọ́n dúró tì mí títí mo fi tú u tán. Àwọn Amọ̀tẹ́kùn tí Àbídì sáré lọ pè ò jẹ́ kó parí àlàyé, wọ́n ní ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti àwọn, àgọ́ ọlọ́pàá ni kí wọ́n máa gbé wa lọ. Gbogbo aṣọ ìjọba tó wà ní títì lọ́jọ́ náà, Humairah, èmi nìkan ni wọ́n rí ẹjọ́ bá.

Bí a ṣe dé àgọ́ ọlọ́pàá, ara mi tún yá díẹ̀, nítorí mo rí ìwé kan lára ògiri pé bélì, ọ̀fẹ́ ni. Mo sọ fún ọlọ́pàá tó jókòó níbẹ̀ pé bó bá jẹ́ ọ̀fẹ́ ni, kó fún mi ní méjì, kí n mú ọ̀kan lọ fún Àbídì. Ó wò mí títí. Wọ́n mú wa dé ọ̀dọ̀ Sájẹ́ǹtì Olúkẹ́mi. Ọmọ tí mo lè bí ni, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ le débi pé ẹ̀yin ni mo ń pè é. Ó fa ìwé yọ, ó ní taa ni afurasí nínú yín? Mo nawọ́ sókè. Ó ní Bàbá, ẹ̀yin kẹ̀? Mo ní èmi ni o, èmi ni mo kọ́kọ́ fura, kò sẹ́ni tó fura ṣáájú mi. Àwọn ọlọ́pàá tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín, ọmọ náà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Orí àga onígi ló jókòó sí, ètè rẹ̀ wú, ó fi ọwọ́ di ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tó ya mú níwájú bí obìnrin. Wọ́n bèèrè orúkọ rẹ̀, ó ní Othniel, ọmọ Àpòmù.

Mo ní kí wọ́n ránṣẹ́ pe ìyá rẹ wá, kó wá jẹ́rìí pé oko wa ni ìlà mẹ́ta ti wá. Àbídì lọ pè é. Ìyá rẹ dé, ó fi ìborùn borí, ọwọ́ rẹ̀ ṣì ní eérú. Ó kí Sájẹ́ǹtì. Kò kí mi. Ó yíjú, ó rí ọmọ yẹn, ó sì ké. Ó ní yé, oníbàárà mi, ta ló ṣe ọ́ báyìí?

Ọmọ mi, ilẹ̀ ò lanu. Mo dúró dè é, kò lanu.

Ìyá rẹ ló gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà. Òun ló tà á fún Othniel láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, lẹ́yìnkùlé wa, nígbà tí mo ti wọ bàtà jáde. Mo bi í níwájú gbogbo wọn pé kí ló dé tí kò sọ fún mi. Ó ní òun sọ. Ó ní ẹ̀ẹ̀mẹrin ni òun sọ fún mi pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń pọ́n lórí igi, ẹyẹ ń jẹ ẹ́, pé ọ̀sẹ̀ kẹta nìyí tí mi ò ti fẹsẹ̀ kan oko ara mi, pé gbogbo ìgbà tí òun bá sọ ọ́, èsì mi ni pé èmi wà lẹ́nu iṣẹ́. Ó ní òun wá fa àdá yọ, òun nìkan ni òun ń gé e tí òun ń rù ú. Ó ní ejìká yìí náà ni. Ó sì fi ejìká hàn wọ́n, ó ti bó. Kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo.

Sájẹ́ǹtì gbé bírò sílẹ̀. Mo rò pé yóò bú mi, kò bú mi. Ó ní Bàbá, ẹ jẹ́ kí n bi yín, ṣé ẹ rí ọmọ yìí tó ń gé e? Mo ní rárá. Ó ní ẹnikẹ́ni tó bá rí olè tó ń jalè lójú ara rẹ̀ lè dì í mú, kó sì fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́ lójú ẹsẹ̀, òfin gbà á bẹ́ẹ̀, kò tiẹ̀ nílò káàdì. Ṣùgbọ́n ẹ ò rí nǹkan kan, àmì lẹ rí. Àwa tí a wọ aṣọ yìí gan-an, a ní ibi tí agbára wa mọ. Bí mo bá mú èèyàn, ọjọ́ tí mo lè dá a dúró níye, lẹ́yìn ìyẹn ilé ẹjọ́ ni. Adájọ́ náà ní tirẹ̀. Ó ní kì í ṣe pé ìjọba ò fọkàn tán ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí àṣẹ tí kò ní ààlà fẹ́ ṣe láàárọ̀ yìí. Ó wá gbé káàdì mi sókè, ó túmọ̀ Límítẹ́ẹ̀dì fún mi. Ó ní ó túmọ̀ sí pé inú oko àwọn ọmọ ẹgbẹ́ nìkan, kò kọjá ibẹ̀. Gbogbo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn, ohun tó ń dá mi lẹ́kun ni mo gbé kọ́ ọrùn tí mo fi ń yangàn.

Ó ní Othniel lè pè mí lẹ́jọ́, ó sì lè jẹ́ pé ibẹ̀ ni máa sùn. Ó bi í pé kí ló fẹ́. Ó ní òun ò fẹ́ kí wọ́n ti bàbá mọ́lé. Ó ní ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni òun ń gba ìkóríta yẹn kọjá, ojú táwọn èèyàn ibẹ̀ á máa fi wo òun lòun ń rò. Ó ní òun fẹ́ kí Bàbá padà síbẹ̀ lọ́la, ní aago kan náà, kó sọ fún wọn pé òun kì í ṣe olè. Ìyẹn nìkan. Sájẹ́ǹtì gba fèrè lọ́wọ́ mi, ó ní kí n kọ ìwé àdéhùn oṣù kan pé mi ò ní dá wàhálà sílẹ̀ mọ́, ó ní ta ló máa dúró fún mi. Mo wo Àbídì, Àbídì ń wo òrùlé. Ìyá rẹ ní òun ni. Mo ní ṣé obìnrin lè dúró fún èèyàn ni àgọ́ ọlọ́pàá? Sájẹ́ǹtì ní kò sí òfin tó ní kó má dúró. Bí ìyá rẹ ṣe fọwọ́ sí ìwé nìyẹn, tí mo bọ́ sábẹ́ àṣẹ rẹ̀. Ródù Séfútì ní ibi tí agbára wọn mọ, ọlọ́pàá ní, adájọ́ ní. Ti ìyá rẹ, mo ṣì ń wá ààlà rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ. Mi ò wọ kákí, mo wọ agbádá tí mo wọ̀ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ Kamilah. Othniel fi ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ó jókòó sínú rẹ̀. Mo pariwo pé ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin ará Ìkirè. Kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn. Ó yà mí lẹ́nu, nítorí lọ́jọ́ tó ṣáájú, ọ̀rọ̀ kan péré ni mo sọ tí gbogbo wọn fi dé. Ní báyìí tí mo ní ọ̀rọ̀ púpọ̀, wọ́n ń ra búrẹ́dì. Mo ń lọ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀, mo ń sọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, pé èmi Gàrúbà, ọmọ tí mo pè lólè lánàá kì í ṣe olè, ìyàwó mi ló tà á fún un, èmi ni mi ò mọ ohun tó ń lọ nínú ilé mi. Àwọn onídòdò rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Mo jẹ́ kí wọ́n rín in, ó tọ́ sí wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ fọ́kánáísà, kò rẹ́rìn-ín. Orí táyà yẹn ló jókòó sí. Ó ní Bàbá, òun ti ń wá ìṣáná nígbà yẹn. Ó ní òun ò mọ ọmọ náà, òun ò mọ̀ mí, òun kàn gbọ́ olè ni. Ó dìde, ó lọ bá Othniel nínú ọkọ̀, ó dọ̀bálẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, Othniel sì jáde wá fà á dìde.

Mo ti dá káàdì padà fún Ọ̀gbẹ́ni Barnabas. Mo fún wọn ní bàtà òjò náà fún ẹni tó bá gbapò mi, a ti ń wá ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá a mu. Mo ti padà sóko. Ìyá rẹ ló ń tẹ̀lé mi, ó ní títí ìwé àdéhùn fi máa pé oṣù kan, òun gbọ́dọ̀ mọ ibi tí mo wà.

Ọjọ́ Àìkú ni a lọ sí Àpòmù, èmi àti ìyá rẹ, láti lọ bẹ ìyá Othniel. Títí lorúkọ rẹ̀, opó ni, ó ń ránṣọ. Mo ti to gbogbo ẹ̀bẹ̀ tí mo fẹ́ bẹ̀ sórí bí ẹni tó fẹ́ kàwé nílé kéú. Ó ní ká jókòó. Ó gbé omi fún wa, ó lọ sẹ́yìn, ó gbé ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ilá wá síwájú mi, ó ní kí n jẹun. Ta ló lè jẹun? Ṣùgbọ́n ta ló lè sọ pé òun ò jẹ? Mo jẹ ẹ́. Ó jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ṣẹ́ẹ̀tì ọmọ rẹ̀ tó ya ló ń rán, ó ń wò mí bí mo ṣe ń jẹun títí mo fi fọwọ́. Ó wá ní, Bàbá, òun nìkan ni mo bí. Gbogbo ẹ̀bẹ̀ tí mo tò sórí fò lọ, mo dojú bolẹ̀ níwájú rẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ orí mi, ìyá rẹ kúnlẹ̀ tì mí. Ó ní ká dìde, ó ti gbọ́. Kò ní òun ti dárí jì mí. Ó ní òun ti gbọ́. Mo fẹ́ padà lọ, Humairah. Mo fẹ́ máa lọ títí á fi yí ọ̀rọ̀ náà padà.

Ìdí nìyí tí mo fi ń tọrọ. Bí ọwọ́ rẹ bá tẹ̀ ẹ́, fi díẹ̀ ránṣẹ́ kí n ra aṣọ funfun dáadáa, kí obìnrin náà lè fi rán òmíràn fún ọmọ rẹ̀, nítorí èyí tó ya yẹn, ojú rírán rẹ̀ á máa hàn ni. Tún kún un fún mi kí n ra awò ojú, kí n lè máa ka ìwé dé ìsàlẹ̀. Má ṣe fi owó náà sínú fóònù mi o. Ìgbà tí o ní o ti fi í síbẹ̀ lóṣù tó kọjá, mo tú ẹ̀yìn rẹ̀, mo yọ bátìrì, mo gbọ̀n ọ́n, kò sóhun tó jábọ́. Ọ̀dọ̀ oní-píọ́ọ̀sì tó wà ní ìdojúkọ ọjà ni kí o fi í sí, orúkọ ìyá rẹ ni kí o sì kọ sí i, nítorí òun ló dúró fún mi.

Ọlọ́run á bá mi tọ́jú yín. Á fún ọkọ rẹ ní òye, á fún Kamilah ní ẹ̀mí gígùn, á jẹ́ kí ẹ jèrè ara yín. Ọjọ́ tí o bá dúró láàárín àwọn èèyàn tí o ò mọ̀, ní ìlú tí kò sẹ́ni tó mọ bàbá rẹ, kí ẹnikẹ́ni má pè ọ́ ní ohun tí o ò jẹ́. Bí wọ́n bá sì pè ọ́ bẹ́ẹ̀, kí Ọlọ́run gbé ẹnìkan dìde tó máa fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn.

Èmi ni bàbá rẹ,
Gàrúbà.

Ìyá rẹ ti kà á. Ó ní òótọ́ ni.